Kàlàbá Kì Í Ṣe Òpópónà Kan Ṣoṣo

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi gan-an ni àlejò tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lónìí. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ní ojú ní ìlú Kàlàbá tí n kò fi rí ju òpópónà kan ṣoṣo lọ, títí di ọjọ́ tí ẹnu mi kó mi sí yọ́ọ́yọ́ọ́.

Kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyá mi, ṣùgbọ́n Jos ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti tọ́ mi dàgbà. Bàbá bàbá mi ni ó kọ́kọ́ di ẹrù aṣọ lọ síbẹ̀ láyé ìgbà tí iṣẹ́ kùsà ń mú owó wọlé, kò sì padà mọ́. Nínú ilé wa, Yorùbá ni a ń sọ. Bí a bá jáde síta, ó di Háúsá. Bí a bá dé ilé ẹ̀kọ́, ó di Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo bá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọdún, wọn a ní, "Ọmọ òkè ọ̀hún ti dé." Bí mo bá sì padà sí Jos, ọmọ Yorùbá ni wọ́n ń pè mí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dàgbà.

Ohun kan wà tí ó máa ń dùn mí. Bí mo bá ti sọ fún ẹnikẹ́ni pé Jos ni mo ti wá, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, "Ṣé ìjà ti parí níbẹ̀?" Òtítọ́ ni pé ìjà ṣẹlẹ̀ ní 2001, ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2008 àti 2010, ẹ̀mí ṣòfò, a kò sì lè gbàgbé àwọn tí ó lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í bi mí léèrè nípa òtútù òwúrọ̀ oṣù Kejìlá tí èéfín máa ń jáde lẹ́nu ènìyàn, tàbí nípa àpáta Riyom, tàbí nípa kàróòtì àti ọ̀dùnkún tí ó ń ti ọ̀dọ̀ wa kún ọjà lọ́hùn-ún, tàbí nípa ìyá Berom tí ó múlé tì wá, tí ó pọ̀n mí sẹ́yìn nígbà tí ìyá mi lọ bí àbúrò mi. Wọ́n ti sọ odidi ìlú mi di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ohun tí mo ń kùn sí yìí gan-an ni mo lọ ṣe sí ìlú onílùú.

Kò sí ẹni tí kò mọ Kàlàbá mọ́ àríyá. Láti 2004, láyé Gómìnà Donald Duke, ni wọ́n ti ń ṣe àríyá ìgboro tí wọ́n ń pè ní Carnival. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, iná aláràbarà a gba ìgboro kan. Lẹ́yìn Kérésì, àwọn ẹgbẹ́ Seagull, Passion 4, Masta Blasta, Bayside àti Freedom a tú jáde pẹ̀lú ìyẹ́ lórí àti ìlẹ̀kẹ̀ lára, wọn a máa jó fún bíi kìlómítà 12 títí wọn yóò fi dé pápá ìṣeré U. J. Esuene. Bí Carnival bá sì ti kásẹ̀ nílẹ̀, Marian kò kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níhìn-ín mọ ohun tí mo ń wí: ilé oúnjẹ, ilé ijó, hòtẹ́ẹ̀lì, sùyà, ẹja yíyan, orin tí í mi àyà. N kò ní purọ́, ó dùn. Ní Kejìlá ọdún tí mo kọ́kọ́ wọlé, mo tẹ̀lé wọn títí ẹsẹ̀ mi fi bó, bàtà mi kan sọnù, n kò sì kábàámọ̀. Láti ìgbà náà, bí owó bá ti dé láti ilé, Marian ni mo ń sáré lọ. Kíláàsì, yàrá mi, Marian: nǹkan mẹ́ta yìí ni Kàlàbá tèmi.

Ilé ìyá àgbà kan ni mo háyà yàrá sí. "Mma" ni gbogbo ayálégbé ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe obìnrin tí ó níyì ní èdè Efik. Mo ń kí i ní Gẹ̀ẹ́sì láàárọ̀, ó ń dá mi lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, ó parí síbẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìbàdàn pè mí lórí fóònù. Ó ní òun fẹ́ wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ mi, oṣù wo ni ó dára? Mo ní kí ó má wá lóṣù mìíràn àfi Kejìlá, nítorí pé bí ènìyàn bá yọ àríyá àti ọbẹ̀ kúrò, Kàlàbá kò ní nǹkan kan nínú. Ǹ bá dákẹ́ síbẹ̀. Mo tún fi àwàdà àtijọ́ nípa àwọn obìnrin Kàlàbá kún un, irú èyí tí gbogbo yín ti gbọ́ rí, tí n kò ní tún kọ síhìn-ín. Mo ń sọ ọ́ sókè, mo ń rẹ́rìn-ín, nítorí ó dá mi lójú pé kò sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá nínú ilé náà.

Mma jókòó lábẹ́ fèrèsé mi, ó ń ṣa gbúre. Ó gbé orí sókè, ó sì sọ fún mi ní Yorùbá tí ó já gaara pé:

"Ọmọ mi, ilé ta ni o ti wọ̀ ní ìlú wa tí o fi mọ̀ wá tó báyìí?"

Fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sáré jáde, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Mma kò pariwo. Ó ní ọdún mọ́kànlá ni òun fi gbé Èbúté Mẹ́ta nígbà tí ọkọ òun ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, búrẹ́dì ni òun ń tà. Ó ní, "Ìyá Kàlàbá ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Orúkọ mi kò ṣòro í pè, ṣùgbọ́n fún ọdún mọ́kànlá, ẹni tí ó béèrè rẹ̀ kò pé márùn-ún. Àwàdà tí o ṣe yẹn, ẹnu àwọn oníbàárà mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á ní kí n fún wọn ní ṣénjì." Ó padà sí ìdí gbúre rẹ̀.

N kò sùn lóru ọjọ́ náà. "Ṣé ìjà ti parí níbẹ̀?" ni ó ń dún létí mi. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi ni mo lọ ṣe fún ẹlòmíràn, nínú ilé rẹ̀, lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kó ẹrù mi kúrò, ṣùgbọ́n níbo ni mo ti fẹ́ rí owó ilé mìíràn láàárín sáà? Ní ọjọ́ kẹta, mo ra ọsàn, mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó gba ọsàn, ó ní, "N kò bínú mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kò sọ pé o mọ̀ wá. Lọ́jọ́ Sátidé, wá bá mi gbé àpò lọ sí ọjà Watt."

Báyìí ni ojú mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ríran.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni a dé ọjà Watt. Mo ti gba ẹ̀gbẹ́ ọjà yìí kọjá tó ìgbà ọgọ́rùn-ún nínú kẹ̀kẹ́, n kò wọ inú rẹ̀ rí. Òkìtì ìṣáwùrú nìyí, edé nìyí, ẹja gbígbẹ nìyí, epo pupa nìyí, ewé afang tí àwọn obìnrin ń rẹ́ wẹ́wẹ́ bí ẹni tí ń rẹ́ tábà. Mma mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tí ó ń ta afang. Obìnrin náà ní láti aago mẹ́rin ni òun ti jí, nítorí pé àwọn ilé oúnjẹ Marian ń dúró de ẹrù òun. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tí ewé ti sọ di dúdú. Ọdún méjì ni mo ti ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́ yìí. Mma ní, "Àríyá wa kò burú o. Ọmọ ọmọ mi ń jó nínú Carnival àwọn ọmọdé, èmi fúnra mi máa ń gbé àga lọ wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń jó, ilé ni ó ti jáde wá."

Ó kọ́ mi ní ìkíni. "Mesiere" ni wọ́n fi ń kí ènìyàn, "Sosongo" ni ẹ ṣé. Mo pè é bí ẹni ń pe Yorùbá, gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dùn mí. Ẹni tí ó ta edé fún wa fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Inú ọjà náà ni mo sì ti kọ́kọ́ mọ̀ pé Kàlàbá kì í ṣe ti Efik nìkan. Àwọn Qua wà níbẹ̀, àwọn Efut náà wà níbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀ àti olórí rẹ̀. Èmi tí inú ń bí bí wọ́n bá pe gbogbo ará òkè ní Háúsá!

Ní ọjọ́ Àìkú, mo tẹ̀lé Mma lọ sí Duke Town, ní apá ibi tí ìlú ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn míṣọ́nnárì Presbyterian gúnlẹ̀ sí ní 1846. Lẹ́yìn ìsìn, ó ní kí n máa rìn kiri fúnra mi. Mo gun òkè lọ síbi ilé ìjọba àtijọ́, ilé onípákó ńlá tí wọ́n tò ní Ìlú Ọba, tí wọ́n tú palẹ̀, tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wá, tí wọ́n sì tún un tò síbẹ̀ ní 1884. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni ó jẹ́ báyìí. Odò wà nísàlẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kí ó tó di pé wọ́n pa Gúúsù Nàìjíríà pọ̀ mọ́ Èkó ní 1906, Kàlàbá ni olú ìlú, kì í ṣe Èkó. Ibẹ̀ náà ni mo ti rántí pé Kàlàbá ni wọ́n kó Ọba Ovonramwen ti Bìní wá ní 1897 lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì jó ìlú rẹ̀, àti pé ìlú yìí ni ó kú sí ní 1914, tí kò rí ilé mọ́. Mo dúró níbi fèrèsé, mo ń wo odò tí ó gbé e wá. Kò sí ẹni tí ó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi láti wo odò.

Ẹ tún gbọ́. Gbogbo wa ń gun kẹ̀kẹ́ gba Ọ̀nà Mary Slessor. Mélòó nínú wa ni ó mọ̀ pé ìlú yìí ni ibojì obìnrin náà wà? Ọmọ Sìkọ́tíláǹdì ni, 1876 ni ó dé, ó lo ayé rẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn ibí títí ó fi kú ní 1915. Ó bá wọn jà nítorí àwọn ìbejì tí wọ́n ń pa láyé ìgbà náà, ó sì tọ́ nínú àwọn ọmọ náà dàgbà. Nígbà tí mo dé ibojì rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi nípa bí Yorùbá ṣe ń kẹ́ Táyé àti Kẹ́hìndé. Mo rántí abẹ́ fèrèsé, mo gbé e mì.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹbí Mma kan ṣe òkú bàbá wọn. Àwọn àgbààgbà Ẹkpẹ jáde pẹ̀lú aṣọ ukara ní ìdí, aṣọ aláró tí wọ́n fi funfun kọ àmì nsibidi sí lára. Àmì wọ̀nyí ní ìtumọ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ wọ́n. Ojú ẹsẹ̀ ni mo rántí àdìrẹ ìyá ìyá mi. Mma ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe eré ni Ẹkpẹ. Òun ni ó ń ṣe òfin láyé àtijọ́, tí ó sì ń gba gbèsè lọ́wọ́ ajigbèsè, bí Ògbóni ṣe jẹ́ nílẹ̀ wa. Nígbà tí mo lọ sí ilé ìtàn òwò ẹrú tí ó wà ní etí odò ní Marina, mo wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Láti èbúté yìí ni wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ. Ní Kúbà, Carabalí ni wọ́n ń pe àwọn tí wọ́n kó gba ibí, Lukumí ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn tiwa. Ẹkpẹ tẹ̀lé àwọn Carabalí débẹ̀, ó di Abakuá ní 1836, ó sì wà títí di òní, gẹ́gẹ́ bí Ṣàngó àti Yemọja tiwa ṣe wà níbẹ̀. Àwọn bàbá wa àti ti Mma ti di aládùúgbò lókè òkun nínú ìyà. Èmi ni mo wá kọjá níwájú ilé rẹ̀ fún ọdún méjì láìyà.

Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù ni Creek Town. Mma ní kí n bá òun jíṣẹ́ fún àbúrò òun tí ó ń gbé ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi sì ni mo gbọ́dọ̀ wọ̀. Ẹ̀yin ará mi, ọmọ orí òkè ni mí, n kò mọ odò lúwẹ̀ẹ́! Mo di aṣọ ìdóòlà mọ́ ara, mo di igi ọkọ̀ mú, mo ń gbàdúrà ní èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo gbọ́. Ìyá kan tí ó gbé adìyẹ sórí ẹsẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a kúrò lójú agbami, tí a yà sínú ibi tí igi bo omi lọ́tùn-ún lósì, tí ariwo ìgboro ti tán, ọkàn mi balẹ̀ ní irú ọ̀nà tí kò balẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí.

Ìlú jẹ́jẹ́ ni Creek Town. Ibẹ̀ ni Ọba Eyo Honesty Kejì jọba sí, ọba oníṣòwò tí ó máa ń túmọ̀ ìwàásù àwọn míṣọ́nnárì fún àwọn ènìyàn rẹ̀, ó wàjà ní 1858. Àbúrò Mma se ekpang nkukwo fún mi. Kókò àti iṣu ewùrà ni wọ́n rin, tí wọ́n pọ́n sínú ewé wẹ́wẹ́, tí wọ́n wá sè pẹ̀lú epo, ẹja àti ìṣáwùrú. Bí mo ti fi ṣíbí kan sẹ́nu, omi gba ojú mi. Ìkọ́kọrẹ́ ìyá mi ni mo rántí. Ìyá mi tí ó ń wá ewùrà kiri gbogbo ọjà Jos kí àwa ọmọ rẹ̀ lè mọ ohun tí wọ́n ń jẹ ní Ìjẹ̀bú. Ìyá náà rí ojú mi, ó rò pé ata ti pọ̀ jù. Mo sọ ohun tí ó jẹ́ fún un. Ó bu òmíràn sí i fún mi, ó sì bu ẹmu tútù lé e lórí. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ nìkan ni mo ná lọ́jọ́ náà, kò tó owó ìgò méjì ní Marian, n kò sì tíì jẹ ìgbádùn tí ó tó bẹ́ẹ̀ rí ní Kàlàbá.

Ẹ̀gbọ́n mi láti Ìbàdàn wá nígbẹ̀yìn. Èmi ni mo ní kí ó má dúró de Kejìlá. Oṣù Kẹjọ ni ó wá, nígbà tí òjò Kàlàbá ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣí ìdérí ọ̀run. A lọ sí Marian lálẹ́ ọjọ́ kan, a jẹ ẹja, a jó. Ní ọjọ́ mẹ́ta yòókù, mo mú un lọ sí ọjà Watt, sí orí òkè Duke Town, àti sí Creek Town. Lọ́jọ́ tí ó ń padà, ó dọ̀bálẹ̀ fún Mma, ó ní, "Sosongo, Mma." Mma ní, "Ó dàbọ̀, ọmọ mi. Kí ará ilé." Àwàdà ọjọ́sí, kò sí ẹni tí ó tún mẹ́nu bà á nínú àwa méjèèjì.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó dà bí èmi. Kánò ni wọ́n ti tọ́ ẹlòmíràn, Kàdúná ni ti ẹlòmíràn, Port Harcourt ni ti ẹlòmíràn. A mọ bí ó ti ń rí kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo di ènìyàn lẹ́rù. Ṣebí àwa Yorùbá náà, ariwo àti òwàǹbẹ̀ ni wọ́n mọ̀ mọ́ wa? Inú wa kì í dùn sí i. Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ wa pé lọ́jọ́ tí a bá ń kí àwọn ọmọ tuntun káàbọ̀, kí a má kàn kó wọn lọ sí Marian kí a sì ní wọ́n ti rí Kàlàbá. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn dé ọjà láàárọ̀ kùtù. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn gun òkè lọ wo odò. Ẹ jẹ́ kí oníkálukú kọ́ bí a ti ń kí onílé rẹ̀ ní èdè onílé. Lálẹ́, bí ó bá rẹ̀ wá, kí a wá gba Marian lọ jẹ sùyà wa. Yóò tilẹ̀ dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí a ó ti mọ ẹni tí ó jí ní aago mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ kan ni ó kù. Lọ́jọ́ tí mo ti Creek Town dé, mo béèrè orúkọ Mma lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ó wò mí pẹ́ títí kí ó tó sọ ọ́. N kò kọ ọ́ síhìn-ín, nítorí pé kò ní kí n kọ ọ́ fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n, mo sì mọ bí a ti ń pè é.

Ire o.